Ṣé Kí N Máa Mu Omi Fàdákà Tí Mo Ṣe Nílé? Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Iṣẹ́ apòògùn ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Tákìé. Ẹni tó bá ń mu omi fàdákà kì í sábà là á mọ́lẹ̀ tààrà. Á ra Panadol tán, á wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́, á wá fa ìgò ike kan yọ nínú báàgì: "Ẹ bá mi wo eléyìí, wọ́n ní kí n máa mu ún láràárọ̀." Ìbéèrè irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni mo kó jọ síbí, bí wọ́n ṣe bi mí, pẹ̀lú èsì tí mo fún wọn.

Kí ni omi fàdákà yìí gan-an?

Omi lásán ni, àfi pé èérún fàdákà wà nínú rẹ̀, fàdákà kan náà tí wọ́n fi ń rọ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́. Èérún yìí kéré débi pé ojú kò lè rí i, kì í sì í rọ̀ sísàlẹ̀ bíi ti iyanrìn. Á kàn máa rìn káàkiri inú omi ni. Lára ìgò tó ti òkè òkun wá, colloidal silver ni wọ́n ń kọ. Àwọn tó ń ṣe é nílé máa ń ki wáyà fàdákà méjì bọ omi, wọ́n á so wọ́n mọ́ bátìrì, iná bátìrì á sì máa bó fàdákà lára wáyà díẹ̀díẹ̀ sínú omi náà.

Mo ti dúró tì í rí. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló pè mí sílé wọn ní Arówómólẹ̀ kí n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn. Jọ́ọ̀gì gíláàsì kan wà lórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, bátìrì onígun mẹ́rin mẹ́ta tí wọ́n fi téèpù dúdú dì pọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ sì di wáyà méjèèjì mú létí jọ́ọ̀gì. Omi ń hó kéékèèké lára wáyà kan. Èkejì ti dúdú bí ìdí ìkòkò, nǹkan bí èéfín tín-ín-rín sì ń jábọ́ lára rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Omi ọ̀hún ti ní àwọ̀ ìyeyè, bíi tíì tí wọ́n bu omi lù. Bàbá nawọ́ sí èéfín náà, inú wọn ń dùn: "Ìwọ wò ó. Ìwòsàn nìyẹn." Bí wọ́n ṣe nawọ́ yẹn ni ojú mi bá èékánná wọn. Màá padà sórí èékánná náà láìpẹ́.

Ṣé irọ́ ni pé fàdákà ń pa kòkòrò àrùn?

Rárá o, òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Ní nǹkan bí 1880, oníṣègùn ará Jámánì kan, Carl Credé, bẹ̀rẹ̀ sí í kán omi silver nitrate sójú ọmọ tuntun, kí àtọ̀sí tó wà lára ìyá má baà fọ́ ojú ọmọ. Ojú ọmọ tó gbà là kò níye. Títí dòní, bí iná kẹrosíìnì tàbí omi gbígbóná bá jó ènìyàn, ìpara funfun tí wọ́n sábà máa ń fi sójú egbò ní ọsibítù, silver sulfadiazine, fàdákà wà nínú rẹ̀; láti 1968 ló ti wà. Ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, omi fàdákà yìí kan náà ni wọ́n ń fi kùn ún kí kòkòrò má baà gbèrú lára rẹ̀.

Ẹ wá wò ó: ojú, egbò, ìkòkò. Ìta ara ni gbogbo rẹ̀. Fàdákà bá kòkòrò níbi tó wà, wọ́n pàdé lójúkojú. Ohun tí a gbé mì kò rí bẹ́ẹ̀. Ásíìdì àti iyọ̀ inú ikùn á gbá púpọ̀ nínú rẹ̀ mú, á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tí kò lágbára. Èyí tó bá ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ á dì mọ́ ọn. Kò wá sí èyí tó kù tí yóò lọ bá kòkòrò táífọ́ọ̀dù jà níbi tó sá pamọ́ sí. Hípò náà ń pa kòkòrò, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ láàárín wa, a kò sì gbọ́ pé ẹnì kan ń bù ú mu kó tó jẹun àárọ̀.

Kí wọ́n tó rí oògùn apakòkòrò bíi penisilíìnì, àwọn dókítà òyìnbó fún àwọn aláìsàn ní fàdákà mu lóríṣiríṣi. Nígbà tí penisilíìnì dé ọwọ́ wọn ní àwọn ọdún 1940, wọ́n fi fàdákà mímu sílẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan fi ìwòsàn pamọ́ fún wa. Wọ́n rí èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni.

Ṣebí àwọn ọ̀mọ̀wé LAUTECH pàápàá ń ṣe é?

Àwọn tó ń tà á fẹ́ràn láti máa sọ èyí. Òótọ́ ni pé àwọn olùwádìí wà ní LAUTECH, yunifásítì ìlú wa níbí, tí wọ́n ń fi èèpo kòkó, èèpo obì, títí kan òwú aláǹtakùn, ṣe èérún fàdákà. Iṣẹ́ gidi ni, orí èmi gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú yìí sì máa ń wú bí mo bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n inú àwo yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ń dán an wò lórí kòkòrò, wọ́n sì ń wò ó bóyá ó lè gba ọ̀dà tí a fi ń kun ilé lọ́wọ́ ìbàjẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń sọ bí èérún kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó àti iye tó wà nínú omi. Ẹni tó ki wáyà bọ jọ́ọ̀gì ní pálọ̀ kò ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ yunifásítì ìlú yín ta omi fún yín.

Kí ló ń ṣe nínú ara bí mo bá ń mu ún lójoojúmọ́?

Ara wa nílò irin, ẹ̀jẹ̀ la fi ń ṣe. Ó nílò síńkì, ó nílò áyódíìnì kí gẹ̀gẹ̀ má baà yọ. Fàdákà kò níṣẹ́ kankan nínú ara, kò sí ẹni tí àìtó fàdákà ń ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ mu á bá ìgbẹ́ jáde. Ìyókù, tó lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, á wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e lọ sínú awọ ara, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti èrìgì. Ibẹ̀ ló máa jókòó sí.

Ṣé ẹ rántí fọ́tò ayé ìjọ́sí tí wọ́n máa ń fọ̀ nínú yàrá òkùnkùn? Fàdákà ló wà lára fíìmù yẹn, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń sọ ọ́ dúdú. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ ẹni tó ń mu omi fàdákà. Oòrùn á kan èyí tó ti jókòó sí ojú, ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́, ibẹ̀ á wá di àwọ̀ eérú tó ní aró nínú. Argyria lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn.

Alaró tó bá rẹ aṣọ lónìí, ọwọ́ rẹ̀ á dúdú, bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù kan, ọwọ́ á mọ́. Aró ti fàdákà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ọṣẹ, ìpara tàbí oògùn tó ń fọ̀ ọ́ kúrò. Oògùn tí wọ́n fi ń fa òjé jáde lára ènìyàn kò rí ti fàdákà fà. Àwọn dókítà kan lókè òkun ti fi iná léésà dín in kù lára aláwọ̀ funfun. Ó ń dunni, owó gọbọi ni, iná yẹn sì lè sọ awọ dúdú di alábàwọ́n.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Karason ṣe tirẹ̀ nílé, ó mu ún fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá, ó tún ń fi pa ojú. Nígbà tó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2008, gbogbo ojú rẹ̀ ti di búlúù tí kò jọ àwọ̀ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí ó fi kú ní 2013. Òmíràn ni Stan Jones, olóṣèlú kan ní ìpínlẹ̀ Montana. Ní 1999, ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn pé kọ̀ǹpútà máa dàrú bí ọdún 2000 bá wọlé, pé oògùn máa wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe omi fàdákà, ó ń mu ún. Ọdún 2000 wọlé, kọ̀ǹpútà kò dàrú, oògùn kò wọ́n. Àwọ̀ eérú ló fi ń du ipò sẹ́nétọ̀ àti gómìnà lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn kan á ní, "Bó ṣe àwọ̀ nìkan ni, kò burú." Ní 2004, àwọn oníṣègùn ọpọlọ kọ̀wé nípa bàbá ẹni ọdún 71 kan tó mu omi fàdákà lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́rin. Gìrì gbé e, gìrì náà kò dáwọ́ dúró, bàbá kò mọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n bá fàdákà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti nínú omi tó yí ọpọlọ ká. Wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí fàdákà lè kúrò nínú rẹ̀, kò jí padà. Ó kú lẹ́yìn oṣù márùn-ún àbọ̀. Irú èyí kò wọ́pọ̀. Mo sọ ọ́ kí ẹ mọ̀ pé fàdákà kì í dúró sínú awọ nìkan.

Àwa tí a dúdú ńkọ́? Ṣé ó lè hàn lára wa?

Ó ń hàn, ó kàn ń pẹ́ kí a tó rí i ni, ìyẹn ló sì fi léwu fún wa. Ọmọ òyìnbó á rí i lójú rẹ̀ nínú dígí. Tiwa, ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó wò ló máa rí i: ìdí èékánná, èrìgì, àti funfun ojú.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé bàbá tíṣà. Ìdí èékánná wọn, níbi tó máa ń funfun bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ti dà bí ẹfun tí wọ́n po mọ́ aró. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Wọ́n rò pé ọ̀dà tí wọ́n fi kun géètì ló kù síbẹ̀, wọ́n ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fa ètè sókè. Èrìgì wọn náà ti ní ìlà aró lẹ́sẹ̀ eyín. Nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n ti ń mu ife kan láràárọ̀. A kì í fi ẹ̀kọ yangan ṣáájú ọkà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwa ọmọ Ajílété, ṣùgbọ́n omi fàdákà ni bàbá ń fi ṣáájú méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má sì rí èékánná tó dúdú kí ẹ ní fàdákà ni. Oògùn kan wà tí àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń lò tó lè sọ èékánná di dúdú, oògùn HIV kan sì wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó.

Ṣíbí kan péré ni mò ń mu. Ìyẹn náà ńkọ́?

EPA, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, ní kí fàdákà tó ń wọ ẹnu ènìyàn lójúmọ́ má ju mílígíráàmù 0.005 lọ lórí kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n, kí awọ rẹ̀ má baà di aláwọ̀ aró. Ẹni tó wọn kílò 60, mílígíráàmù 0.3 nìyẹn. Bí omi yín bá ní mílígíráàmù 10 nínú lítà kan, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sára ìgò, ife tó gba sẹ̀ǹtílítà 30 ní mílígíráàmù 3 nínú: ìlọ́po mẹ́wàá. Ṣíbí kékeré kan ní 0.05. N kò ní purọ́ fún yín, ìyẹn kò tó ìwọ̀n náà.

Ṣùgbọ́n ta ló wọn omi tiyín? Bí bátìrì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí, bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì di ọ̀sán, bí omi bá gbóná, bí wáyà bá súnmọ́ra jù, tònìí lè jẹ́ ìlọ́po márùn-ún tàná. Àwọn kan ń ra ẹ̀rọ kékeré bíi bírò tó ń wọn iyọ̀ inú omi, wọ́n ní òun ló ń ka fàdákà fún wọn. Bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá ni ẹ̀rọ yẹn ń kà. Èérún fàdákà gan-an lè pọ̀ nínú omi kó má kà á. Àwọ̀ náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Kí tilẹ̀ ni ṣíbí náà fẹ́ ṣe fún yín? Ohun tó ṣòro fún mi láti gbà nìyí. Oògùn gidi lè ní ewu tirẹ̀, a ó fara mọ́ ọn nítorí ìwòsàn tó wà nínú rẹ̀. Ní 1999, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde pé wọn kò gba oògùn èyíkéyìí tí a ń rà láìsí ìwé dókítà tí colloidal silver wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó ń ṣiṣẹ́ tàbí èyí tí kò léwu. Ṣíbí tó kéré kò ṣe nǹkan kan, èyí tó pọ̀ ń ba ara jẹ́.

Wáyà àti omi wo ló dára láti fi ṣe é?

N kò ní kọ́ yín. Ohun tó wà nínú wáyà àti omi tí wọ́n ń rà nígboro ni mo lè sọ.

Fàdákà tí alágbẹ̀dẹ fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe fàdákà pọ́ńbélé. Èyí tó dára jù tí wọ́n ń tẹ 925 sí lára, bàbà wà nínú ìdá 75 nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀, nítorí fàdákà pọ́ńbélé rọ̀ jù fún òrùka. Èyí tí wọ́n ń pè ní German silver kò ní fàdákà kankan nínú: bàbà, níkẹ̀lì àti síńkì ni. Iná bátìrì kì í ṣa èyí tó máa bó sínú omi. Mo ti rí ìyá kan tó mú ṣílè ayé àwọn òyìnbó jáde nínú àpótí ìyá wọn pé fàdákà ni, òun fẹ́ fi ṣe é. Ṣílè tí wọ́n rọ fún wa lẹ́yìn 1920, kò sí fàdákà nínú rẹ̀.

Omi ńkọ́? Píọ́ wọ́tà àti omi bohóòlù ní iyọ̀ nínú, fàdákà á sì dì mọ́ iyọ̀ yẹn. Àwọn kan ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ da iyọ̀ sí i kó lè tètè ṣe. Fàdákà púpọ̀ ló ń yára bó sínú omi nígbà náà. Àwọn míì ń lọ ra omi bátìrì mọ́tò lọ́dọ̀ rewáyà. Ọlọ́run ló ń yọ wọ́n. Wọn kò ṣe omi yẹn fún ẹnu ènìyàn, èyí tí ásíìdì wà nínú rẹ̀ sì máa ń jókòó tì í lórí àtẹ kan náà.

Táífọ́ọ̀dù ń ṣe mí, mo mu ún, ó lọ. Kí lẹ fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Màá kọ́kọ́ béèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n fi mọ̀ pé táífọ́ọ̀dù ni. Bó bá jẹ́ Widal, tí wọ́n ń ṣe káàkiri ìgboro ní ìṣẹ́jú díẹ̀, àyẹ̀wò yẹn máa ń sọ pé táífọ́ọ̀dù wà níbi tí kò sí. Ẹni tó ti ní i rí tàbí tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, Widal lè mú un. Gbígbin ẹ̀jẹ̀ sí yàrá àyẹ̀wò fún ọjọ́ mélòó kan dájú ju Widal lọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ "táífọ́ọ̀dù" tí omi fàdákà wò, òtútù lásán ni, tí ì bá lọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Ẹ tún rò ó: ẹni tó ń mu omi fàdákà máa ń mu omi dáadáa, á sinmi, á sì jìnnà sí ọtí lásìkò náà. Àwọn yẹn ló wò ó.

Ẹni tó ní táífọ́ọ̀dù lóòótọ́ ni mò ń bẹ̀rù fún. Ìfun rẹ̀ lè lu nígbà tó ṣì ń ka ṣíbí.

Ṣebí ìjọba wa fúnra wọn fẹ́ lò ó fún Ebola?

Oṣù kẹjọ 2014 lọ̀rọ̀ yẹn. Mínísítà ètò ìlera nígbà náà, Onyebuchi Chukwu, kéde pé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní NanoSilver ń bọ̀ fún àwọn tó wà nílé ìtọ́jú ní Èkó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kò bá òfin ìwádìí lórí ènìyàn mu, wọ́n sì pa á tì. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n ń fi fóònù jí wa lóru pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká mu ún. Àwọn kan mu ún kú. Ebola mú ènìyàn 20 ní Nàìjíríà, 8 kú, ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti ojúlé dé ojúlé wá ẹni tó fara kan aláìsàn ló lé e lọ. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, fàdákà tún jáde, FDA sì tún kọ̀wé ìkìlọ̀ sí àwọn tó ń tà á.

Mo ń lo oògùn mìíràn. Ṣé mo lè pa á pọ̀?

Fàdákà lè dì mọ́ oògùn nínú ikùn kó má jẹ́ kó wọ ara. Sìpírò, dọ́kísì àti tẹtirasáíkílíìnì wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn tí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún ń lò láràárọ̀. Ẹ ra oògùn, ẹ lò ó pé, àìsàn kò lọ, ẹ ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.

Aboyún àti ọmọdé ńkọ́?

Rárá. Bí ara ọmọ bá gbóná, àyẹ̀wò ibà kò ju ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan lọ, èsì rẹ̀ kò tó wákàtí kan. Ibà kì í dúró de ẹnikẹ́ni lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Bí mo bá kàn ń kán an sí imú tàbí sójú?

Ní àwọn ọdún 1950, oògùn imú tó ní fàdákà nínú ni wọ́n fún ọmọdébìnrin kan ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń mu. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú.

Nọ́ńbà NAFDAC wà lára ìgò tí mo rà.

Ẹ wo abẹ́ nọ́ńbà náà dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ àgbo àti èròjà afúnralókun, NAFDAC ní kí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn kò yẹ ohun tí olùtajà sọ pé ó ń wò wò. Lẹ́tà kéékèèké ni wọ́n máa ń fi í kọ. Èyí tí ẹ ṣe nílé kò tilẹ̀ ní ìyẹn.

Owó oògùn ti wọ́n jù. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?

Mo mọ̀. Èmi ni mò ń dá iye lé e, èmi ni mò ń rí ojú ẹni tó gbọ́ ọ. Mo ti rí i tí ìyá kan ka owó lórí káńtà mi, ó kó o padà sínú gèlè, ó lọ. Bí ẹnì kan bá sọ fún un lọ́jọ́ yẹn pé wáyà àti bátìrì máa wo gbogbo àrùn, n kò lè bá a wí pé ó gbà á gbọ́.

Síbẹ̀, àwọn ibì kan wà. Oògùn HIV àti ti ikọ́ ife, ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYSHIA, wà; ẹ béèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò yín. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ apòògùn bóyá irú oògùn kan náà wà tí orúkọ rẹ̀ kò lókìkí. Ó sábà máa ń wà, owó rẹ̀ sì lè má tó ìdajì. A kì í sọ ọ́ tí ẹ kò bá bi wá, ẹ̀bi àwa apòògùn nìyẹn.

Mo ti ń mu ún fún ọdún kan. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dá a dúró lónìí. Kò sí pé ẹ ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ara kò ní fẹ́ ẹ kù. Ẹ lọ sí BUTH, ọsibítù ìkọ́ni Yunifásítì Bowen, tàbí ọsibítù ìkọ́ni LAUTECH, ẹ ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ yín wò. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà: omi fàdákà ni mo mu, báyìí ló ṣe pọ̀ tó, báyìí ló ṣe pẹ́ tó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á máa wá àrùn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró kiri nítorí àwọ̀ aró tí wọ́n rí. Ẹ máa dé fìlà, kí ẹ máa wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń mú àwọ̀ náà jáde. Èyí tó ti wà kò ní lọ, ṣùgbọ́n kò ní pọ̀ sí i bó ṣe ì bá pọ̀.

Bàbá mi ló ń mu ún, wọn ò gbọ́ tèmi.

Ẹ má ṣe já jọ́ọ̀gì gbà lọ́wọ́ àgbà. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ béèrè ohun tó ń dùn wọ́n tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ti bàbá tíṣà, ìtọ̀ òru ni. Wọ́n ń jí lẹ́ẹ̀mẹfà lálẹ́ kan, ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Mo bá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ní prostate ni, ẹṣẹ́ abẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin tó máa ń wú bí ọjọ́ orí bá ti lọ, wọ́n fún wọn ní oògùn oníkóró kan lálaalẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n fúnra wọn tú wáyà kúrò. Ìdí èékánná wọn kò tíì yí padà.

Èyí tó kù nínú ìgò ńkọ́?

Ẹ má dà á sínú kànga tàbí odò, ẹ má sì jẹ́ kó dé ibi tí ẹnikẹ́ni ti ń sin ẹja. Fàdákà díẹ̀ ń pa ẹja. Ẹ má gbé e fún adìyẹ. Ẹ dì í pa nínú ìgò rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kò ṣeé mu, kí ọmọ má rò pé omi ni, kí ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ apòògùn tó bá súnmọ́ yín jù. Tiyín tó bá wà nítòsí Tákìé, ẹ gbé e wá bá mi, n kò ní bi yín ju bí ara ṣe rí lọ.